Ta Ló Kùn Ún?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sùn rí nínú ilé alámọ̀ ní Ìbàdàn àtijọ́, yálà ní Ọjà'ba tàbí ní Bẹẹrẹ, yóò jẹ́rìí sí i pé onílé nìkan kọ́ ni ó ń gbé inú ilé. Ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnká, alántakùn kan wà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé a fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí a bá tan iná sí i, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti wọ inú ihò ara ògiri lọ. Àpò ẹyin rẹ̀ ni a máa ń rí ju òun alára lọ: ohun funfun roboto kan ni, ó dà bí bébà, ó sì lẹ̀ mọ́ ògiri pinpin. Ní ilẹ̀ Mali àti Burkina Faso, irú àpò alántakùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń lu balafon máa ń lẹ̀ bo ihò ara akèrègbè tí ó wà lábẹ́ ìlù wọn, òun ni ó sì ń mú kí ohùn ìlù náà máa dún yùnyùn bí oyin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìgbálẹ̀ ni a fi ń gbá a dànù.

Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ alántakùn lè di ọ̀rọ̀ ìtàn, títí di ìgbà ìsinmi kan tí mo gbé àwòrán kan jáde lórí fóònù mi tí mo sì fi í han ìyá mi àgbà. Ẹ̀ka igi gúáfà ni ó wà nínú àwòrán náà. Alántakùn dúdú kan tí irun bo gbogbo ara rẹ̀ ti wọ́ ẹyẹ kékeré kan kúrò nínú ìtẹ́, ó dà á délẹ̀, ó sì fi ẹnu mọ́ ọn lọ́rùn. Òmíràn ń bá èèrà jà lórí ẹ̀ka náà. Alántakùn mìíràn tí ó kéré sí wọn sì gbé àpò ẹyin rẹ̀ sábẹ́ ikùn.

Ìyá àgbà gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó ti àtijọ́ mọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àlàó, ẹsẹ̀ mélòó ni eléyìí ní?"

Mo ní, "Mẹ́jọ ni, Ìyá."

Ó ní, "Irọ́ ni. Mẹ́wàá ni mo kà."

Mo ṣàlàyé fún un pé méjì tí ó wà níwájú kì í ṣe ẹsẹ̀; ọwọ́ kékeré tí alántakùn fi ń tọ́ nǹkan wò ni, ṣùgbọ́n nínú irú àwọn ńláńlá onírun yìí, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè kà á mọ́ ẹsẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n kò gbà tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè ìbéèrè tí ó mú mi kọ ìwé yìí.

"Ta ló kùn ún?"

Mo yára dáhùn pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Sibylla Merian ni.

Ó wò mí. Ó ní, "Mo ní ta ló kùn ún. N ò ní ta ló yà á."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ní láti sọ ẹni tí ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà èwe rẹ̀, adìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá mi àgbà ń ṣe. Ìyẹ́ adìẹ ni ó fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, bí ó bá sì yà á tán, aláró ni yóò gbé e fún láti rẹ ẹ́. Nítorí náà ó mọ̀ dájú pé ẹni tí ó ya nǹkan lè má jẹ́ ẹni tí ó fún un ní àwọ̀. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mo da ọ̀rọ̀ ìṣe méjì pọ̀ mọ́ ara wọn, ìyá tí kò rí ìwé kà ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi.

Bí a bá sì wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́rin ni ó wà nídìí irú àwòrán yìí. A óò kọ́kọ́ yà á. Lẹ́yìn náà a óò fín in, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń fín igbá. Ṣùgbọ́n lára pẹlẹbẹ bàbà ni àwọn òyìnbó ń fín tiwọn sí, pẹ̀lú irin ṣóńṣó. Wọn a fi tàdáwà ra gbogbo ojú bàbà náà, wọn a nù ún títí tí tàdáwà kò fi ní kù àfi nínú ojú ibi tí a fín. Wọn a wá tẹ bébà tútù mọ́ ọn lábẹ́ ẹ̀rọ. Ìlà dúdú lórí bébà funfun ni yóò jáde. Títí dé ibí yìí, bébà 100 lè jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹ̀yìn èyí ni kíkùn tó kàn, bébà kọ̀ọ̀kan ni a sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn ilé iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni ó pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Wọn a gbé bébà kan tí a ti kùn síwájú kí wọ́n lè máa wò ó ṣe. Nígbà mìíràn ẹnì kan a mú àwọ̀ kan, a kùn ún síbi tí ó yẹ, a sì tì í sọ́dọ̀ ẹni tí ó mú àwọ̀ mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó kùn alántakùn lè má tí ì rí irú alántakùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ti Merian sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú Frankfurt ni a bí i sí ní 1647. Ní 1699, nígbà tí ó ti lé ní 50 ọdún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Amsterdam lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ Dorothea, kò sì sí ọkọ tí ó tẹ̀ lé wọn. Àìsàn lé e padà wálé ní 1701. Ìwé rẹ̀ nípa àwọn kòkòrò Suriname jáde ní 1705, àwòrán 60 sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo fi han ìyá àgbà ni ìkejìdínlógún. Kì í ṣe òun ni ó fín wọn. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó gbé iṣẹ́ fún, a sì mọ orúkọ wọn: Sluyter, Mulder àti Stoopendaal. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mọ kíkùn. Ọgbọ́n kan wà tí ó tún ń dá: bí bébà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ ẹ̀rọ jáde tí tàdáwà rẹ̀ kò tí ì gbẹ, a tẹ bébà mìíràn mọ́ ọn, kí ìlà tí yóò jáde sára èkejì lè rí fírífírí, tí àwọ̀ yóò sì borí rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ nìkan ni a fi yà á. Irú bẹ́ẹ̀ ni olówó ń rà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Suriname, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ. Àwọn oko ìrèké ni àwọn ará Họ́láǹdì dá sí ibẹ̀, ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Etí òkun Allada àti Ouidah, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wà lára ibi tí àwọn oníṣòwò Họ́láǹdì ti ń ra ènìyàn ní ìgbà náà. Merian fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn obìnrin ẹrú sọ̀rọ̀ nípa ìyà wọn fún òun, àti pé àwọn ẹrú ni ó ń bá òun gé ọ̀nà nínú igbó tí òun sì fi ń rí ewéko àti kòkòrò. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ wọn. Àwọn ọmọ wọn ń pa àlọ́ Anansi ní Suriname títí di òní. Ọ̀rọ̀ àwọn Akan ni Ananse, alántakùn sì ni. (Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn Akan fi ẹ̀wẹ́ àti ọgbọ́n inú àlọ́ fún alántakùn, tí àwọn Haúsá náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gizo, tí àwa tí a wà láàárín wọn wá gbé tiwa fún Ìjàpá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa wá ìdí rẹ̀.)

Àwòrán gúáfà yìí dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní alántakùn kì í pa ẹyẹ rárá. Ní 1834, àròkọ kan jáde tí oníwàásù kan tí ó gbé erékùṣù St Vincent, Lansdown Guilding, ti kọ láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé Merian. Ní ọdún kan náà, William Sharp Macleay tí ó wà ní Cuba kọ̀wé pé òun kò gbà á gbọ́. Obìnrin tí ó gbọ́ ìtàn ẹrú, tí ó sì yà á bí ẹni pé òun fojú rí i, ni wọ́n kà á sí. Àfi ìgbà tí Henry Walter Bates tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1863, tí ó ròyìn bí òun ti fi ojú ara òun rí irú alántakùn bẹ́ẹ̀ lórí ẹyẹ kéékèèké ní ilẹ̀ Brazil. Kì í ṣe pé Merian kò ṣe àṣìṣe o. Ẹyin mẹ́rin ni ó yà sínú ìtẹ́ ẹyẹ náà, bẹ́ẹ̀ méjì ni irú ẹyẹ yẹn máa ń yé. Ṣùgbọ́n lórí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é ní òpùrọ́, òtítọ́ ni ó sọ. Linnaeus ti wo àwòrán yìí kí ó tó fún alántakùn náà ní orúkọ ní 1758: ó pè é ní avicularia, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ẹyẹ kékeré. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti wo ẹni tí ń ta okùn tí a sì pè é ní alántakùn.

Orúkọ alántakùn sì ní ìtàn tirẹ̀. Gbogbo orúkọ ẹranko tí àwọn onímọ̀ ń lò lónìí, 1758 tí ìwé Linnaeus jáde ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó bá ṣáájú rẹ̀ kò ní àṣẹ. Alántakùn nìkan ni ó yàtọ̀. Carl Clerck, òṣìṣẹ́ owó orí ní Stockholm, ti tẹ ìwé jáde ní 1757 lórí àwọn alántakùn Swídìn, pẹ̀lú àwòrán tí a fi ọwọ́ kùn, wọ́n sì gbà pé orúkọ tirẹ̀ ni kí ó dúró. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ó pè ní virescens nítorí àwọ̀ ewé ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Labalábá gbígbẹ a máa tọ́jú àwọ̀ rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n alántakùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá sá a gbẹ, ikùn rẹ̀ a sún kì. Bí a bá rì í sínú ọtí líle kí ó má bàa jẹrà, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ a ṣí kúrò, a sì di ràkọ̀ràkọ̀. Nítorí náà bí ẹni tí ó mú gègé àwọ̀ lọ́wọ́ kò bá rí i láàyè, tàbí kí ẹni tí ó rí i láàyè sọ fún un, àwọ̀ òkú ni yóò kùn ún.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1736 ni Eleazar Albin tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí alántakùn, pẹ̀lú àwòrán tí a fín sára bàbà. Ìdílé rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ Elizabeth ni ó bá a ya púpọ̀ nínú àwòrán ìwé ẹyẹ rẹ̀ tí ó sì kùn wọ́n. Ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, W. S. Bristowe, tó fi àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí ó wà ní British Museum wé ìwé Albin, tí ó sì rí i pé ẹlòmíràn ni Albin ti da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ láìdárúkọ rẹ̀. Joseph Dandridge ni ẹni náà. Kí sì ni iṣẹ́ Dandridge? Ó ń ya àpẹẹrẹ fún àwọn tí ń hun aṣọ ṣẹ́dà ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá àgbà, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Aláṣọ ni, àbí? Kò burú. Wọ́n ń jí i lò lójoojúmọ́."

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí ìtòsí ilé. Ní 1786, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Palisot de Beauvois bá ọ̀gákọ̀ kan, Landolphe, dé ilẹ̀ Ìwẹrẹ, tí àwọn Faransé ń pè ní Oware, ó sì dé Benin. Àwọn Ìwẹrẹ ni a ń pè ní Itsekiri, ọmọ ìyá èdè wa sì ni èdè wọn. Ó kó ewéko, ó kó kòkòrò, ibà sì kó òun náà, títí tí wọ́n fi gbé e sọdá òkun lọ sí Saint-Domingue ní 1788, ìyẹn Haiti òde òní. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ba ibùdó Landolphe jẹ́, pẹ̀lú ẹrù tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Iná tí ó jó ìlú Cap-Français ní 1793 sì run èyí tí ó kó dání. Àwọn tí ó ti fi ránṣẹ́ sí Paris ṣáájú ni ó bọ́. Láti inú ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé àwọn kòkòrò Oware àti Benin pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà jáde ní 1805, àwòrán 90 tí a fi ọwọ́ kùn. Ó kú ní 1820, ìwé náà sì parí ní 1821. Nínú orúkọ àwọn ewéko tí ó kó, Landolphia wà, tí a fi ọ̀gákọ̀ ṣe; Napoleona wà, tí a fi ọba Faransé ṣe; owariensis sì wà, tí a fi ìlú ṣe. Ọmọ Ìwẹrẹ tí ó tọ́ka sí igi náà nínú igbó ni n kò tí ì rí orúkọ tirẹ̀ lára ewé kankan.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Hahn bẹ̀rẹ̀ ìwé kan ní Nuremberg ní 1831 lórí alántakùn àti gbogbo ìbátan rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1835, C. L. Koch gbà á ṣe, ó sì parí ìdìpọ̀ 16 ní 1848. Inú ìwé yìí ni àkeekèé ńlá dúdú ilẹ̀ wa ti gba orúkọ ní 1841: imperator, ọba tí ń jọba lórí àwọn ọba. Àkeekèé kì í ṣe alántakùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì ní, ìbátan sì ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ti rí i láàyè lórí ilẹ̀ oko mọ̀ pé dúdú rẹ̀ kì í ṣe dúdú èédú. Ó ní àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé nínú, bí ẹ̀tù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Láti 1995 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ń ṣọ́ títà rẹ̀, nítorí pé láti Togo, Benin àti Ghana ni wọ́n ti ń kó o lọ fún àwọn tí ń sìn ín sínú àpótí dígí lókè òkun.

Títẹ àwọ̀ lórí òkúta àti lórí ẹ̀rọ dé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn akùnwé sì dìde kúrò nídìí tábìlì. Àwọn ìwé wọn wá di ohun iyebíye. Oníṣòwò a máa ra odindi ìwé, a fi abẹ tú u, a sì ta bébà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ògiri. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Biodiversity Heritage Library, tí àwọn ilé ìkàwé ńlá para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 2006, ọmọ Bẹyẹrúnká lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kí ó máa ṣí ìwé Merian àti ti Koch lórí fóònù láìsanwó. Níbẹ̀ sì ni a ti ń rí i pé ìwé kan náà, tí a tẹ̀ lára bàbà kan náà, àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba láti ẹ̀dà kan sí èkejì. Alántakùn tí ó pọ́n níhìn-ín lè dúdú lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ènìyàn méjì ni.

Ohun tí mo fi han ìyá àgbà kẹ́yìn nìyí: àwòrán kan náà láti inú ẹ̀dà méjì. Kò tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó ní, "Ẹni tó kun tọ̀tún yìí ń kánjú." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé aṣọ adìrẹ ogbó kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ìbàdàn dùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aṣọ náà mọ̀ pé òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni ó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Nítorí náà kò lè ṣáájú 1929 tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Àwọn tí ó yà á kò ṣòpò wo ìwé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbójú sókè láti Ọjà'ba, Mápó ń bẹ lórí òkè níwájú wọn. Àpẹẹrẹ mìíràn wà lára aṣọ náà, ẹyẹ wà níbẹ̀, àkeekèé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú rẹ̀ méjèèjì àti ìrù tí ó ká sókè. Mo wá alántakùn títí, n kò rí i.

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ya gbogbo rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwa mẹ́ta ni." Ó fi ìka tọ́ ojú aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ka ìwé. Èyí tí ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì gbọ̀n ni ti ìyálé rẹ̀. Èyí tí ẹ̀kọ rẹ̀ ki jù tí aró sì ti rá wọlé létí rẹ̀ ni tirẹ̀, "torí n ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn." Àkeekèé jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó dárúkọ aláró náà pẹ̀lú, àti agboolé tí ìkòkò aró rẹ̀ wà.

Mo bá a wá bíró. Mo kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára bébà pélébé kan, pẹ̀lú ojú aṣọ tí olúkúlùkù wọn ṣe. Mo fẹ́ fi pín-ìnnì há a mọ́ aṣọ náà, ìyá àgbà ní yóò dógùn-ún, kí n lọ gba abẹ́rẹ́ àti òwú wá. Nígbà tí mo dé, ó ní kí n ka orúkọ ọmọbìnrin alákeekèé náà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ní mo fi àmì ohùn kan síbi tí kò yẹ. Mo tún un kọ, mo sì rán an mọ́ etí aṣọ náà.